Àwọn Tó Wá Bá Wa Tún Ọ̀nà Omi Makyao Ṣe

Ọjọ́ tí àwọn òyìnbó olùyọ̀ǹda kúrò ní abúlé wa, Nduweni, ni Ndetaulwa tó rí i gbangba pé wọ́n ti bá òun wó ilé, wọn kò sì bá òun kọ́ ọ. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀ ní ẹnu omi, níbi tí ọ̀nà omi Makyao ti ya kúrò lára odò, ó ń fi ojú wá ìsédò tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi òkúta, igi àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe. Kò sí ìsédò mọ́. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ògiri sìmẹ́ǹtì kan tí kò ga ju orúnkún ọmọdé lọ, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà tí ìrì ti sẹ̀ sí tó sì ti dì gbagidi, àti ṣọ́bìrì tuntun mẹ́rìnlá tí wọ́n tò sára igi. Odò ń ṣàn kọjá lọ ní tirẹ̀, ẹ̀kán omi kan kò yà sí ọ̀dọ̀ wa.

Ndetaulwa ni olórí ọ̀nà omi náà. Òun ló ń pín omi fún ilé mẹ́rìnlá, òun ló ń fọn ìwo nígbà tí iṣẹ́ àjọṣe bá tó, òun náà ló sì ń bu ìtanràn lé ẹni tí kò bá wá: agbè mbege kan, ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kún dẹ́nu, kò sí ẹ̀bẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣe é kó tó kú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Ndetaulwa, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ipò olórí nìkan kọ́ ló ń dùn ún lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ kọfí wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó ti fi oṣù mẹ́jọ tọ́. Kọfí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ti gbó, àrùn sì ti ba ewé rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò fi rọ́pò rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ní ọjọ́ orí òun, òun kò ní í tún rí agbára bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Bí omi kò bá dé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ewé gbígbẹ ni yóò máa gbá lábẹ́ àtíbàbà yẹn.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí? Elinaja ni.

Elinaja ni àbúrò Ndetaulwa, ọmọ ìyá kan náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń mú àwọn àlejò òyìnbó gun òkè gíga tí à ń pè ní Kibo, nítorí náà ó gbọ́ èdè wọn, ojú rẹ̀ sì là ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdọọdún ni àgbàrá òjò máa ń gbé díẹ̀ lọ lára ìsédò náà, ọdọọdún ni a sì máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta tún un tò. Lọ́dún yìí, Ndetaulwa ti gbé ìwo sẹ́nu tán kí Elinaja tó sáré wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìwo yẹn sílẹ̀ ná. Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá bá wa ṣe é. Òyìnbó mẹ́rìnlá!”

“Kí ni a ṣe fún wọn?”

“A ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni.”

“Ẹni tí mi ò ṣe ní oore kan, tó gbéra láti òkè òkun wá bá mi gbé òkúta. Elinaja, ṣé wọn ò ní odò nílé ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní yéé ṣàwàdà. Ilé kọ̀ọ̀kan tó bá gba àlejò, ìrẹsì ń bọ̀ ńbẹ̀, ṣúgà ń bọ̀ ńbẹ̀.”

Nígbà tí a pé jọ láti pín àlejò, ẹnìkan béèrè pé iṣẹ́ tí òyìnbó bá ṣe ńkọ́, orí ta ni a ó kà á sí. Elinaja kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ balẹ̀. “Orí ilé tó ti jẹun ni. Ẹni tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, èmi ló bá ṣiṣẹ́.” Gbogbo ọkùnrin pariwo bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí Ndetaulwa ti là á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ń ta á lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jonas wọ̀ sílé rẹ̀, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó wo èjìká náà, ó dákẹ́. Ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ ẹ rí.

Manka nìkan ló bèèrè ọ̀rọ̀ mìíràn. Opó ni, yàrá kan ṣoṣo ló ní, kò lọ́mọkùnrin, nítorí náà wọn kò fún un lálejò.

“Èmi ńkọ́? Ta ló máa ṣe tèmi?”

“Ìyá, ẹ pọn ọtí dípò iṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń pọn ọ́n,” ni Elinaja wí. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dé ẹnu omi.”

Òótọ́ ni. Láyé baba wa, obìnrin kì í dé ẹnu omi Makyao. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Manka sì wo ilẹ̀.

Àwọn òyìnbó dé. Ẹ wò ó, èèyàn dáadáa ni wọ́n, n ò ní í bú wọn. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, a jó fún wọn. Ọjọ́ kẹta, wọ́n kun ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀dà àwọ̀ ojú ọ̀run, a ò bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ kẹrin, inú ń run mẹ́ta nínú wọn. Ọjọ́ karùn-ún jẹ́ Sunday. Ọjọ́ méjì ni a fi dúró de yanrìn. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló kù, ìyẹn ni wọ́n sì fi gbogbo ara ṣe, a ò lè gbà á lẹ́nu wọn. Obìnrin ni olórí wọn, Birgit, ó wọ ṣòkòtò wọnú omi dé itan, ó ń gbé òkúta bí akọ.

Àwọn ọkùnrin ilé wa jókòó sí etí odò, wọ́n ń wòran.

“Ti èmi nìyẹn! Ẹ wo bó ṣe dìde!”

“Tìrẹ ti ń mí hẹlẹ. Lọ fún un lómi kó má kú mọ́ ẹ lọ́rùn.”

“Ti ta ni ìyẹn tó ń ya fọ́tò? Ti ta ni? Kò tíì gbé òkúta kan láti àárọ̀!”

“Ti Ndekirwa ni. Ó jọ olówó rẹ̀.”

Ndetaulwa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ tú ìsédò àtijọ́ kúrò pátápátá kí wọ́n lè fi sìmẹ́ǹtì mọ òmíràn, ó fa Elinaja lọ bá Birgit.

“Sọ fún un pé ìsédò kò gbọdọ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀. Tí àgbàrá bá dé, ìsédò ló yẹ kó gbé lọ. Bí ìsédò bá kọ̀ tí kò lọ, inú ọ̀nà omi ni àgbàrá máa yà sí, á sì gbẹ́ òkè lọ pẹ̀lú ilé wa. Òkúta la lè tún tò, a ò lè tún òkè tò. Sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́.”

Elinaja kọjú sí obìnrin náà, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Birgit rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó sì tẹrí ba fún Ndetaulwa.

“Kí lo sọ fún un?”

“Mo ní ẹ ń dúpẹ́.”

“Elinaja!”

“Ẹ̀gbọ́n, àlejò ni wọ́n. Ṣé kí n ní iṣẹ́ wọn ò dáa ni?”

Wọ́n tú ìsédò náà. Ní ọjọ́ kejìlá, ọkọ̀ wá kó wọn, nítorí pé wọ́n ti ra ìwé ọkọ̀ òfurufú láti ilé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí kìnnìún. Birgit sunkún. Jonas dì mọ́ Mkunde, ìyàwó Ndetaulwa, ó fún Ndetaulwa ní ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí Elinaja bá òun sọ fún un pé inú òun kò dùn tó báyìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Ndetaulwa fẹ́ràn ọmọ náà, ó gbọ́ràn, ó sì ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn kò wúlò fún un. Inú Jonas dùn, omi kò sì ṣàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fọn ìwo. Kò sẹ́ni tó wá. Ó tún un fọn, ó fi ìbínú fọn ọ́n títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ajá nìkan ló dá a lóhùn. Ló bá mú ọ̀pá, ó ń ti ilé bọ́ sí ilé.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni ẹni àkọ́kọ́ wí, ó jókòó lórí àpótí, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. “Iṣẹ́ tèmi ti parí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ti èmi fi ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ lé ròrò, ìyàwó mi ló fi òróró pa á.”

“Ọwọ́ ẹ ńkọ́? Ó lé?”

“Bàbá, ẹ lọ bá àwọn tí tiwọn ṣàìsàn. Àwọn yẹn ló jẹ gbèsè iṣẹ́.”

Àwọn tí tiwọn ṣàìsàn ní àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ndekirwa ní fọ́tò náà iṣẹ́ ni. Elinaja, tó gba àlejò méjì, ló wá burú jù.

“Ẹ̀gbọ́n, tí a bá ní ká sọ òótọ́, ìpín méjì ló yẹ kí n máa gbà báyìí. Ẹ fi sọ́kàn nígbà tí omi bá dé.”

“Omi wo? Ta ló máa mú un dé?”

“Wọ́n á rán àwọn mìíràn wá parí ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Ọmọ kọfí mi ò mọ ọdún tó ń bọ̀!”

“Ìyẹn lẹ̀yin ń wí. Sùúrù la fi ń gun òkè.”

Ndetaulwa padà sílé pẹ̀lú ìbínú tí kò mọ ẹni tí yóò dà á lé lórí. Ó ta àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà nípàá, ó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún ló fi ta á. Mkunde jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò dìde.

“Bàbá Anande, àpótí ò ṣe yín ní nǹkan kan.”

“Gbogbo wọn ti ya wèrè. Ẹni tó ti lọ ni wọ́n ní ó ti bá wọn ṣiṣẹ́!”

“Ìgbà tí ẹ̀ ń pín èjìká Jonas, ẹ ò mọ̀ pé ó ń lọ?” Ó fọ́n iná. “Manka ní òun máa wá. Èmi náà máa wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ti ń wó lulẹ̀, ti gbogbo obìnrin ìsàlẹ̀ sì ń wó. A ti tó mẹ́tàdínlógún.”

“Obìnrin kì í dé ẹnu omi.”

“Birgit ńkọ́? Ṣé akọ ni?”

Ndetaulwa rò ó wò. Obìnrin yẹn wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, lójú gbogbo ọkùnrin ìlú, òun fúnra rẹ̀ sì dúró níbẹ̀ tó ń wò ó. Kò sí ẹni tó sọ pé èèwọ̀. Inú bí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀lé wọn lọ sí ẹnu omi.

Ọjọ́ márùn-ún ni àwọn obìnrin fi ṣe é. Wọ́n fọ́ ògiri sìmẹ́ǹtì náà, wọ́n fi àfọ́kù rẹ̀ ṣe ìdí ìsédò, wọ́n gé igi, wọ́n wọ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti wó wá láti inú oko wọn, wọ́n sì fi koríko tútù dí ojú ihò. Ndetaulwa jókòó lórí òkúta, ó ń fi ọ̀pá júwe. Ohun tí bàbá rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọ, ó ń pariwo rẹ̀ jáde: èyí sí ibí, ìyẹn sí ọ̀hún, ẹ má ki í jù, ẹ jẹ́ kó lè bọ́ nígbà tí òjò bá dé.

“Bàbá, ṣé òkúta tí ẹ jókòó lé yẹn, a lè lò ó?” ni Manka bèèrè.

“Gbé èyí tó wà níwájú ẹ!”

“Mo kàn bèèrè ni. Òun ló dára jù ńbẹ̀.”

Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ní ìyálẹ̀ta, omi yà, ó wọ inú ọ̀nà Makyao, ó ń ti ewé gbígbẹ síwájú. Ndetaulwa ń bá a lọ létí ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, bó ti ń tiro, bẹ́ẹ̀ ló ń sunkún.

Kí omi tó dé ibi ìpín, àwọn ọkùnrin ti pé síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ẹ ò rí nǹkan? Ìwo kò gbé wọn dìde, omi gbé wọn dìde. Elinaja wà níwájú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpín méjì ni tèmi, ẹ rántí.”

Ndetaulwa dúró ní ibi ìpín náà. Láti oṣù kan, àyà rẹ̀ kò balẹ̀ tó báyìí. “Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbé òkúta sí ẹnu omi, òun ló ni omi. Mo ti wí.”

“Àwọn ìyàwó wa náà ni wọ́n gbé e,” ni ọ̀kan nínú wọn kígbe. “Kí ni ti ìyàwó tí kì í ṣe ti ọkọ?”

“Ó dáa. Ẹ lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí n rí ọkùnrin kan tó fi ọkọ́ kan omi yìí láìjẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ gbà fún un, agbè mbege mẹ́wàá ni. Opó Manka ló máa kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀.”

Wọ́n kùn, wọ́n bú u lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òfin omi ni òfin omi. Ndetaulwa lọ sílé, inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin sínú. Adùn yẹn kò ju ibi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ.

Omi ti wọlé. Mkunde ti ṣí i sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti fi ìdì koríko tútù dí ẹ̀ka tó lọ sí ìdí kọfí pa. Ewé àwọn ọmọ kọfí ti ká jọ bí ọwọ́ ẹni tí òtútù mú.

“Mkunde, ṣí ti kọfí.”

“Kọfí ta ni?”

“Kọfí wa.”

“Ọjọ́ tí ẹ bá tà á, ṣé tiwa náà ni?” Kò bínú, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí omi lè yí dáadáa. “Kọfí ti ọkùnrin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti obìnrin. Bí mo ṣe bá a nìyẹn nígbà tí mo dé ilé yín. Ẹ̀yin lẹ sì dájọ́ lónìí, mo gbọ́ ọ láti ibí. Mo wò yín fún ọjọ́ márùn-ún, Bàbá Anande. Ọ̀pá lọwọ́ yín gbé.”

“Orúnkún mi ńkọ́?”

“Mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn yín. Kọfí yín, Jonas ló ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí i kó wá bu omi sí i.”

Ẹnu òfòrò ni í pa òfòrò. Ndetaulwa wo koríko tó dí omi náà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa fà á kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá fà á, àwọn obìnrin mẹ́tàdínlógún á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọkùnrin á gbọ́ lọ́la, ìdájọ́ rẹ̀ á sì di ẹ̀fẹ̀. Kódà garawa kan kò gbọdọ̀ bù nínú rẹ̀, odò sì jìn nínú àfonífojì, orúnkún rẹ̀ kò lè gbé e lọ gbé e bọ̀. Inú bí i sí Mkunde, inú bí i sí ọmọ tó ní inú òun dùn, èyí tó pọ̀ jù nínú ìbínú náà sì jẹ́ sí ara rẹ̀.

“Kí ló kù tí a ò tíì ṣe?” ló bi í níkẹyìn.

“Ìsàlẹ̀ ilé Manka. Igba ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ ti dí i.”

Ó mú ṣọ́bìrì kan nínú àwọn tí òyìnbó fi sílẹ̀, ó lọ. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó dára, ó na èkejì síwájú, ó ń kó ẹrẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Elinaja kọjá.

“Ẹ̀gbọ́n! Ta lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún?”

“Àwọn obìnrin.”

“Kí ni wọ́n máa fún yín?”

“Mo yọ̀ǹda ara mi ni. Kúrò níwájú mi!”

Elinaja rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi mú, ó yọ fóònù, ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni Mkunde wá wo iṣẹ́ náà. Ó rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ó ku ogún ẹsẹ̀.

“Mkunde, àwọn ọmọ yẹn ń kú.”

“Mo mọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi náà ń kú nígbà tí ẹ̀ ń wòran.”

Ó gbẹ́ ogún ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n padà délé, Mkunde fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa koríko náà kúrò, omi sì wọ abẹ́ àtíbàbà. Nínú ọ̀ọ́dúnrún, méjìdínláàádọ́fà ló ṣì ní ewé tútù. Ndetaulwa jókòó sáàárín àwọn tó kú, ó ń tu wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni Elinaja bá wọn, ó na fóònù síwájú, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Birgit. Birgit ní òun sunkún nígbà tí òun rí àgbàlagbà náà lórí ìkúnlẹ̀, tó di ṣọ́bìrì àwọn mú, pé òun mọ̀ báyìí pé iṣẹ́ àwọn kò já sí asán. Òyìnbó márùndínlọ́gbọ̀n ló ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ilé mẹ́sàn-án sì ti gba tiwọn sílẹ̀ láti òwúrọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni kí n kọ mọ́ yín?”

Ndetaulwa gbé ọmọ kọfí gbígbẹ kan sílẹ̀. Ó nawọ́ sí Mkunde, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀ka omi, tí ẹrẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

“Òun ni kó o bi,” ló wí. “Òun ló ni omi.”